Ihò Mẹ́ta Kò Tó Ṣe Ẹ̀rí

Ìbọn kékeré tí mo fi ń lé àwọn ẹranko kéékèèké tó ń jẹ irè oko ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí mo ṣe ń fi ọwọ́ ara mi ki ọta tí mo ń yìn nínú rẹ̀. Láti ki ọta ni láti da ẹ̀tù sínú èèpo idẹ, kí a sì fi orí ọta, ìyẹn èyí tó ń fò jáde, dé e lẹ́nu. Bí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bá nàró sẹ́nu ihò rẹ̀ ní 200 yáàdì, ibi tí ọta ti lè pa á lójú ẹsẹ̀ kò ju ìkúùkù ènìyàn lọ. Bí ọta bá yà díẹ̀, yóò fara gbọgbẹ́ wọ ihò, yóò sì jẹ̀rora pẹ́ kí ó tó kú. N kò fẹ́ kí èyí ti ọwọ́ mi wá, ìdí sì nìyí tí mo fi fi oṣù púpọ̀ wá ọta tí yóò máa lọ síbi kan náà nígbà gbogbo.

Irú ọta tí ìbọn mi ń jẹ ni .222 Remington. Mike Walker, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ọdún 1950 ló sì jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni àwọn tó ń díje láti mọ ẹni tí ihò ọta rẹ̀ yóò súnmọ́ra jù lọ lórí páálí ń lò. Nítorí náà, nígbà tí ìbọn tèmi ń fọ́n ihò káàkiri, mo mọ̀ pé kì í ṣe irú ọta náà ló jẹ̀bi, àfi kí n yẹ ara mi àti iṣẹ́ ọwọ́ mi wò.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ra orí ọta tó wúwo, gréènì 69 (gréènì kan kò pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gíráàmù kan), nítorí mo rò pé èyí tó bá wúwo ni atẹ́gùn kò ní lè gbé. Ní 100 yáàdì, díẹ̀ nínú wọn kò kan páálí rárá. Nígbà tí mo súnmọ́ àwọn tó kàn án, mo rí i pé ihò wọn kò rí roboto. Ó gùn gbọọrọ, ó rí bí ihò kọ́kọ́rọ́, èyí tó fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ ni ọta náà fi wọlé. Àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú ọ̀pá ìbọn ló ń mú kí orí ọta máa yí bí òkòtó, kí ó má baà ta kìtì lójú afẹ́fẹ́. Nínú ọ̀pá ìbọn mi, àwọn ìlà náà ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní íǹṣì 14, ìyẹn kò sì yára tó fún orí ọta gígùn. Gígùn orí ọta ló ṣe kókó níbẹ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ. George Greenhill, onímọ̀ ìṣirò ará Bìrìtìkó, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ọdún 1879. Mo padà sí orí ọta gréènì 50, ihò sì di roboto lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀tù. Èèpo idẹ .222 kéré, ẹ̀tù tó ń gbà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi gréènì 20 sí 25. Bí ọwọ́ bá fi 0.1 gréènì ṣìnà nínú èèpo ńlá tó ń gba gréènì 60, kò tó nǹkan. Nínú èèpo tèmi, nǹkan bíi ìdá kan nínú igba ẹ̀tù náà ni. Ní ọjọ́ kan, òṣùwọ̀n mi ń sọ nọ́ńbà kan, ó tún ń yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fọwọ́ kan abọ́ rẹ̀. Mo gbé irin ìdánwò tí mo mọ ìwúwo rẹ̀ lé e, òun náà kò dúró lójú kan. Fáànù tó ń fẹ́ lókè ló ń ti abọ́ náà. Láti ọjọ́ náà, mo ń pa fáànù, mo ń ti fèrèsé, mo sì ń gbé irin ìdánwò náà lé òṣùwọ̀n lẹ́yìn ọta mẹ́wàá mẹ́wàá.

N kò ní kọ iye ẹ̀tù tí mo ń lò síbí, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ki ọta pé kí ó má gba iye kankan lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohun tó bá ìbọn tèmi mu lè bẹ́ tìrẹ. Inú ìwé ìlànà tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù tàbí orí ọta tẹ̀ jáde ni kí a ti mú un, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kí a má sì kọjá òkè rẹ̀ láéláé. Bí práímà ìdí èèpo, ìyẹn ohun kékeré tó ń sáná sí ẹ̀tù, bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí bí bóòtì, ìyẹn irin tó ń ti ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn, bá le láti ṣí lẹ́yìn tí a yìn ín, kí a dúró níbẹ̀. Bí ìbọn kò bá bẹ́ lónìí, kò túmọ̀ sí pé kò ní bẹ́ lọ́la tí oòrùn bá mú jù.

Ibi tí mo ti tan ara mi jẹ jù lọ ni iye ọta tí mo ń yìn kí n tó gbà pé mo ti rí ohun tí mo ń wá. Mo ṣe oríṣi ìwọ̀n ẹ̀tù márùn-ún, mo yin ọta mẹ́ta mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn fi ihò mẹ́ta lé ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí owó ẹyọ kékeré yóò bò wọ́n. Mo gé páálí náà, mo fi pamọ́, mo sì ki 50 irú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọta kan náà, ìbọn kan náà, ọwọ́ kan náà, àwọn ihò náà jìnnà síra ju íǹṣì kan lọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé awò orí ìbọn ti yẹ̀, mo tún rò pé ọ̀pá ìbọn ti dọ̀tí. Nígbà tí mo wá fi sùúrù yin ọta mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà márùn-ún láìyí ohunkóhun padà, èyí tó kéré jù jẹ́ 0.4 íǹṣì, èyí tó fẹ̀ jù jẹ́ 1.1. Ìbọn kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ọta kò yí padà. Ọta mẹ́ta kò tó láti sọ òtítọ́. Ìṣirò sì fi hàn pé bí ihò mẹ́ta bá ń fẹ̀ tó 0.5 íǹṣì ní ìpíndọ́gba, ihò mẹ́wàá láti inú ìbọn yẹn kan náà yóò fẹ̀ tó nǹkan bíi 0.8. Ẹni tó bá wá yin oríṣi mẹ́wàá, tó sì mú èyí tó kéré jù lọ nínú wọn, oríire ló ń mú, kì í ṣe ẹ̀tù tó dára. Nísinsìnyí, n kì í dá ọta kankan láre kí n tó rí ihò mẹ́wàá rẹ̀ lórí páálí.

Nígbà tí mo fi ojú yìí tún gbogbo rẹ̀ wò, mo rí i pé mélòó kan nínú àwọn oríṣi ẹ̀tù tí mo ti ń bá jà kò yàtọ̀ síra rárá. Ohun tó mú ìyàtọ̀ tí ojú rí wá ni bí orí ọta ṣe wọ inú èèpo tó, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín orí ọta àti ibi tí àwọn ìlà inú ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń ti orí ọta sínú ní díẹ̀díẹ̀, mo sì ṣọ́ra kí n má ṣe é gùn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi kan àwọn ìlà náà, nítorí ìyẹn máa ń mú kí agbára inú èèpo ga sí i. Ní ibì kan, ihò mẹ́wàá kóra jọ, wọ́n sì tún kóra jọ nígbà tí mo dán an wò ní ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ti atẹ́gùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ tó ń sáré máìlì 10 ní wákàtí kan lè gbé irú orí ọta yìí ní nǹkan bíi íǹṣì kan ní 100 yáàdì, nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù ni mo ń dán ọta wò, pẹ̀lú àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo so mọ́ igi láàárín èmi àti páálí.

Síbẹ̀, ẹranko kì í dúró de ọta kẹwàá. Èyí àkọ́kọ́, láti inú ọ̀pá tútù, ló ń pa á tàbí tó ń ṣe é léṣe. Nítorí náà mo kan páálí kan mọ́lẹ̀, mo sì ń yin ẹyọ ọta kan péré sí i láràárọ̀, láìṣe ohun mìíràn, tí mo sì ń fi bébà bò ó kí ìrì má baà bà á jẹ́. Nígbà tí mo tú u wálé lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, mo fi rúlà wọn ihò méjì tó jìnnà síra jù. Íǹṣì kan ó dín díẹ̀ ni.