Kí ni ká kọ́kọ́ gbọ́ nínú progressive rock?

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fi progressive rock, irú orin rọ́ọ̀kì kan tó máa ń gùn, tí ìlù rẹ̀ sì máa ń yí padà, han àbúrò mi, orin tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù ni mo gbé sí i létí, àṣìṣe ńlá sì ni. "Close to the Edge" ni, èyí tí ẹgbẹ́ olórin Yes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1972. Ohùn ẹyẹ àti ìró omi ni a kọ́kọ́ ń gbọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni gìtá, ìlù àti dùùrù á ya lu ara wọn bí ọjà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí akọrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àbúrò mi fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ orin náà?"

N kò bínú sí i. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ohun tó ń lé àlejò sẹ́yìn nínú irú orin yìí, mo sì rí i pé kì í ṣe gígùn rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ àwo Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé ti àwọn ọdún 1970 mọ̀ pé odindi ojú àwo kan lè máa lọ láìdúró, kí orin kan máa wọ inú òmíràn. Fẹlá náà kì í kánjú, fèrè àti gìtá á ti jẹ tiwọn tán kí òun tó lanu. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí orin wọ̀nyẹn gùn tó, ẹsẹ̀ oníjó mọ ibi tí yóò tẹ̀. Àwọn olórin progressive rock ní tiwọn a máa dìídì yí ìlù padà mọ́ni lẹ́sẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni yóò rò pé onílù ti ṣìlù.

Nítorí náà, ìdí ìlù ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, orin "Money" ti ẹgbẹ́ Pink Floyd ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú àwo "The Dark Side of the Moon", tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1973. Ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì ni a lè ka ìlù wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin. Méje ni ti èyí. Ẹ fi ìka lu tábìlì, kí ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, kí ẹ tún padà sí ení. Ìró owó ẹyọ, bébà tó ń ya àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣáájú, nítorí pé wọ́n gé téèpù sí wẹ́wẹ́ tó gùn dọ́gba, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní òbìrípo kí ó lè máa yí. Kí gìtá báàsì tó wọlé rárá, owó yẹn ti ń ka méje fún yín. Orí méje yìí náà ni Dick Parry ti fọn sakisofóònù rẹ̀. Ìgbà tí David Gilmour, onígìtá Pink Floyd, bá wá gba orin náà pẹ̀lú gìtá, ìlù á bọ́ sí mẹ́rin, ara á sì tu olùgbọ́ láìmọ ìdí rẹ̀, títí wọn yóò fi tún dá a padà sínú méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò mi gbọ́ ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tó ń fi ṣíbí lu etí àwo oúnjẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ odindi àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan bí ìṣẹ́jú 43, ẹ má sì jẹ́ kí fóònù yín da ètò orin rẹ̀ rú.

Ohùn ni mo fi ń tẹ̀ lé ìlù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ King Crimson gbé àwo "In the Court of the Crimson King" jáde. Orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ le koko, ó sì lè dẹ́rù ba àlejò, nítorí náà "Epitaph" ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ. Ohun èlò tó ń sunkún lẹ́yìn akọrin níbẹ̀ ni Mellotron. Ó jọ dùùrù, ṣùgbọ́n téèpù kọ̀ọ̀kan ló wà lábẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan tí ìka ń tẹ̀, ohùn ojúlówó gòjé tàbí fèrè ni wọ́n sì ti gbà sórí téèpù náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, téèpù á máa sáré. Tó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó tán nìyẹn, àfi kí ẹ gbé ìka kúrò kí ó lè padà sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, èmi ò sì tíì gbọ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé kan tó gbọ̀n bẹ́ẹ̀.

"Supper's Ready" ti ẹgbẹ́ Genesis, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 23, lè dúró de oṣù tó ń bọ̀. Èmi kì í sì í fi ẹgbẹ́ Emerson, Lake & Palmer han ẹni tuntun; Keith Emerson mọ dùùrù tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfọ́nnu wọn máa ń pọ̀ jù fún etí mi.

Nígbà tí àbúrò mi ti gbọ́ gbogbo ìwọ̀nyí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n tún gbé "Close to the Edge" sí i. Kò sọ̀rọ̀ nígbà tí ìjà ọjà yẹn bẹ́. Nígbà tí orin náà kọjá ìdajì, tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, tí dùùrù ńlá Rick Wakeman, atẹdùùrù Yes, sì bú jáde lójijì, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì wo la dé yìí?" Mo sọ fún un pé St Giles Cripplegate ni, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, torí pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti lọ gba ohùn dùùrù náà sílẹ̀ lóòótọ́.