Kí ẹ tó fi olóṣèlú ṣe pránkì lórí tẹlifíṣọ̀n: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ tí ẹ ń gbé kámẹ́rà kiri. Mo mọ̀ pé ó ń wù yín láti dẹ okùn fún olóṣèlú kan, kí ó tú inú rẹ̀ síta láìmọ̀ pé àwàdà ni. Iṣẹ́ rere ni, mo sì fẹ́ kí ó gbilẹ̀. Ẹni tó gba owó ọ̀nà tí kò ṣe ọ̀nà, ẹ fi ṣe ẹlẹ́yà.

Wọ́n ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú pránkì, kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni eérú ń bà lójú: ọlọ́dẹ ẹnu géètì, akọ̀wé tó gbé fóònù, ìyá olóúnjẹ iwájú ọ́fíìsì. Ní December 2012, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò méjì ní Sydney ṣe bí ẹni pé Ọbabìnrin Elizabeth àti Charles ọmọ rẹ̀ làwọn, wọ́n pe ọsibítù kan ní London. Ìdílé ọba ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ọ̀hún kú lọ́jọ́ 3 lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe olóṣèlú tí kámẹ́rà bá ká mọ́, ẹ bo ojú rẹ̀, ẹ yí ohùn rẹ̀ padà, àfi tó bá fọwọ́ síwèé. Abala 39 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n abala 37 dáàbò bo ilé èèyàn àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìfọwọ́sí yìí ló ṣe kókó jù. Ní Amẹ́ríkà, Roy Moore tó ti ṣe olórí adájọ́ Alabama rí pe Sacha Baron Cohen, aláwàdà tó fi í ṣe pránkì lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 95 dọ́là. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún un. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2021, torí ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní pẹjọ́. Ẹ má gbára lé ìyẹn nílé wa. Àdéhùn tí a fi irọ́ gbà, lọ́yà tó mọṣẹ́ lè ní kí adájọ́ wọ́gi lé e. Ẹ gba ìfọwọ́sí lẹ́ẹ̀mejì: ṣáájú, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ pé pránkì ni. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló lágbára. Ojú ìwé 1 tó: orúkọ yín gan-an, ọjọ́, ibi tí fídíò máa jáde, owó tí ẹ san, àti ọjọ́ 3 tó fi lè yí ọkàn padà. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ kà á fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹni tó kà á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́yà ìhà Gúúsù máa ń sọ̀rọ̀ Criminal Code, òfin ọ̀ràn dídá tibẹ̀. Àwa ní Kogi, Penal Code ti Àríwá là ń tẹ̀ lé. Ìbanilórúkọjẹ́ jẹ́ ọ̀ràn níbẹ̀, abala 391; ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 2. Òtítọ́ nìkan kò tó láti gbà yín, ó gbọ́dọ̀ ṣe aráàlú láǹfààní pẹ̀lú. Tí fídíò bá tún dé Facebook, òfin Cybercrimes (ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ń dúró dè yín tó bá jẹ́ irọ́ tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì lè dá rúgúdù sílẹ̀. Aṣọ ọlọ́pàá ńkọ́? Ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Ẹ má sì pe ara yín ní òṣìṣẹ́ ìjọba.

Nídìí gígé fídíò ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Olóṣèlú rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bi í nípa ewúrẹ́ rẹ̀. Ká ní ẹ gé ẹ̀rín náà, tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbéèrè nípa owó ọsibítù. Ẹ ti parọ́ mọ́ ọn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló rín in. Kí ìdáhùn dúró ti ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ tọ́jú fídíò tí ẹ kò tíì gé sí ibi 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Máníjà tẹlifíṣọ̀n yóò béèrè gbogbo ìwé wọ̀nyí, ẹ má bínú sí i. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Abuja sọ pé NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kò láṣẹ láti bu owó ìtanràn fún ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ NBC náà ni láísẹ́ńsì ṣì wà. Bó bá sì ku wákàtí 24 kí ọjọ́ ìdìbò tó wọlé, ẹ gbé ohunkóhun tó bá jọ ìpolongo kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Kí ètò tó jáde, ẹ pe ọlọ́dẹ ẹnu géètì yẹn. Ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún un. Ọ̀gá rẹ̀ lè lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tó bá ní kí ẹ yọ òun, ẹ yọ ọ́, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín jù.