Orin Tó Ń Pe Ènìyàn Lórúkọ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe ẹgbẹ́ eléré jáàsì wa síbi ìgbéyàwó kan ní Ọ̀ffà, wọ́n sì ní kí n kọ orin tuntun tí ọkọ àti ìyàwó yóò fi wọ inú gbọ̀ngàn. Oṣù kan gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí orin náà. Gbogbo kọ́ọ̀dù aládùn tí mo mọ̀, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo kó sínú rẹ̀, kò sí ibì kan tí etí ti lè kọsẹ̀, ohùn fèrè sáksófóònù mi sì ń yọ́ bí òrí tí oòrùn bá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba, wọ́n sì padà sídìí oúnjẹ wọn. Nígbà tí a parí, bàbá onígángan kan tí òun náà wá ṣeré níbẹ̀, tó ti jókòó tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, orin rẹ dùn. Àmọ́ kò pe ẹnì kankan."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, mo sì bínú sí i nínú ọkàn mi. Mo ní iṣẹ́ onígángan ni láti máa pe ènìyàn, kí ẹni tí wọ́n pè lè tọwọ́ bàpò. Iṣẹ́ tèmi yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ wa fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo lálẹ́ ọjọ́ náà, tí gbogbo àwọn yòókù ti sùn, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi, nítorí pé òótọ́ ni. Orin ìfẹ́ tí mo kọ kò ní ẹni tó ń fẹ́ nínú. Irú ìfẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ sára káàdì ni, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà, tí yóò sì fi peńsù kọ orúkọ ẹni tó wù ú sí i.

Ẹni tó ń kọ orin tó ní ọ̀rọ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí yóò kàn dárúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Jáàsì tí àwa ń ṣe kì í sábà ní ọ̀rọ̀. Fèrè ni mo fi ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, àwọn aládùúgbò mi ní Tankẹ sì ti sọ mí ní Bàbá Onífèrè láìbi mí bóyá mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, fèrè tó ń pe ènìyàn kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin. Ṣebí kàkàkí wà láàfin Ẹ́mírì, àwọn tó sì mọ èdè rẹ̀ mọ ẹni tó ń kì. Dàdàkúàdà, orin tí a mọ Ìlọrin mọ́, tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú sọ di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbọ́, oríkì ni ẹran ara rẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sáàárín gbogbo èyí ni mo wá ń kọ orin tí kò pe ẹnì kankan.

Oríkì ló yọ mí. Ìyá mi àgbà ní Òmù-Àrán kì í fi ariwo jí ọmọdé. Ẹsẹ̀ ẹní ni yóò dúró sí, yóò sì máa pe wá lọ́kọ̀ọ̀kan ní oríkì àbísọ wa, títí tí ojú oníkálukú yóò fi là. Àkànní ni tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbéyàwó Ọ̀ffà yẹn, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń pe àwọn orúkọ náà sókè bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, mo sì ń fi sáksófóònù tẹ̀lé ohùn wọn. Mo pe Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti Àyìnkẹ́: ohùn ìsàlẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ohùn òkè. Mo pe Àjíkẹ́ àti Àníkẹ́: ìsàlẹ̀ kan, òkè méjì. Mo bọ́ sí ti àwọn ọkùnrin, Àjàní, Àlàbí, Àyìndé, Àrẹ̀mú, ọ̀nà kan náà ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n sì ń parí lókè. Kódà "kẹ́" fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dúró fún ìtọ́jú àti ìfẹ́ nínú orúkọ àwọn obìnrin, orí ohùn òkè ló jókòó sí. Ẹni tí a fẹ́ràn, a kì í pè é wá sílẹ̀. Òkè là ń pè é lọ. Gbogbo ọgbọ́n orin amóríwú tí mo ti ń wá kiri nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ti wà lẹ́nu ìyá àgbà kí n tó mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ sáksófóònù.

Àjọkẹ́ ni oríkì ìyàwó mi. Orúkọ yìí dá yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó gun ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta èdè Yorùbá bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò sáré gbé e sórí dó, ré, mí tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orin ọmọdé ni yóò sì bọ́ síwájú rẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní ìwọ̀n pàtó bí ti bọ́tìnnì dùùrù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé èyí ga ju ìyẹn lọ, bó ti wù kí àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni òmìnira akọrin wà. Mo bẹ̀rẹ̀ Àjọkẹ́ láti sól ìsàlẹ̀, mo fò sórí dó, mo sì fi ẹsẹ̀ kejì lé ré, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù dó ni mo ní kí dùùrù dì mú nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohùn tó kẹ́yìn kò rí ibi jókòó dáadáa. Ó dúró bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí kò wọlé, tí kò sì padà. Lójú tèmi, ìfẹ́ gan-an nìyẹn. Bí mo bá jẹ́ kí ohùn náà jókòó gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, orin ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìpè náà tí mi ò tètè fiyè sí. Bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu wa, a kì í fò lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣe ni ohùn ń fà gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi débẹ̀. Ẹ rọra pe Àdùkẹ́, ẹ ó gbọ́ bí "kẹ́" ṣe ń gùn. Dùùrù kò lè ṣe èyí láéláé, sáksófóònù lè ṣe é, nítorí ètè àti ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń gbọ́ràn sí. Johnny Hodges, onísáksófóònù ará Amẹ́ríkà tó wọ ẹgbẹ́ eléré jáàsì Duke Ellington ní 1928, tó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí tó fi kú ní 1970, yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀ tó fi lọ dá dúró, ni ọ̀gá tó mọ ìfàgòkè yìí jù lọ nínú orin ìfẹ́ jáàsì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ bó ṣe ń fa ohùn kan láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè bí ẹni ń fa omi nínú kànga, mo rò pé ọmọ Yorùbá ni ó ń pe ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ wa ti rí ọgbọ́n dá sí i: kí ìka rẹ̀ tó tẹ ohùn òkè, á kọ́kọ́ ta èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́. Kò tó tiwa, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn.

Mo rò pé ibi tí èdè bá mi dé nìyẹn, pé kí n ṣáà máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ gbólóhùn gígùn ní Yorùbá: bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti ń wọ àárín àwọn ohùn òkè, ohùn òkè tó gbẹ̀yìn kì í ga tó ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ń lọ sílẹ̀ bí èémí ti ń tán. Bí mo bá wá da ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan kọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu gẹ́lẹ́, orin náà yóò máa rì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà. Èyí tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìpè kejì ga ju ti àkọ́kọ́, ìkẹta sì ga ju ìkejì lọ, bí ìgbà tí ìyá ń pe ọmọ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun agbo ilé, tí ọmọ náà kò tètè dáhùn. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo jẹ John Coltrane, onísáksófóònù jáàsì ará Amẹ́ríkà (1926 sí 1967), ní gbèsè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1959, ó gba orin kan tó ń jẹ́ Naima sílẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. (Ní Ìlọrin níbí, bí ẹ bá pe Naima nínú ọjà, ẹ múra sílẹ̀ kí ju ẹyọ ọmọbìnrin kan lọ bojú wẹ̀yìn.) Orin náà falẹ̀, kò ní ariwo kankan, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wí: ní apá àkọ́kọ́, ohùn kan ṣoṣo ni béèsì, ohun èlò olókùn tó ń dún nísàlẹ̀ jù lọ, ń lù, kò kúrò níbẹ̀, nígbà tí àwọn kọ́ọ̀dù orí rẹ̀ ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lára ògiri. Ẹni tó ń pè lè gòkè títí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí kò yẹ̀. Mo fi èyí sínú orin Àjọkẹ́. Ẹni tó ń lu béèsì fún wa bínú púpọ̀ nígbà ìdánrawò àkọ́kọ́, ó ní ìka kan ni mo fẹ́ san owó fún. Ó ti gbà báyìí pé ibẹ̀ ló nira jù nínú gbogbo orin náà, nítorí ẹni tó ń lu ohùn kan ṣoṣo kò ní ibi tí yóò fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ orin ìfẹ́ jáàsì ló ní báà 32 (báà ni ìdá kékeré tí a fi ń wọn orin): ẹ ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò lọ síbòmíràn, lẹ́yìn náà yóò padà wálé. Apá àárín tó lọ síbòmíràn yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, títí mo fi rántí ọdún méjì tí ìyàwó mi fi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Òmù-Àrán, tí èmi sì wà ní Ìlọrin. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Yóò gba Òró, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìdófìan àti Gánmọ̀ kó tó dé, èmi ó sì máa ka àwọn ìlú náà lórí bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lọ, mi ò ní lè fọwọ́ kan fèrè rárá. Wákàtí ìdúró wọ̀nyẹn ni mo fi kọ apá àárín orin náà: ohùn òkè kò sí níbẹ̀, béèsì wá kúrò lórí ohùn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kọ́ọ̀dù wọ ibi tó ṣókùnkùn. Nígbà tí ìpè Àjọkẹ́ bá wá padà dé, tí ohunkóhun kò yí padà lára rẹ̀, kì í dún bákan náà mọ́. Orin tí mo kọ fún Ọ̀ffà kò ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti pẹ́ kó tó dé. Báwo ni orí ènìyàn yóò ṣe wú nígbà tí ẹni tí a ń retí kò fìgbà kan kúrò nílé?

Àwọn tó ń pè wá sóde ayẹyẹ kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n á ní kí n ṣe nǹkan tó gbóná, wọ́n á sì máa fi ìka ta. Mi ò bá wọn jà, oúnjẹ mi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí orin kíákíá ń ṣe ni pé ó ń móríyá: ara yóò dìde, àárẹ̀ yóò lọ, ẹsẹ̀ yóò gbà á. Kí orí wú, ìyẹn yàtọ̀. Orí ènìyàn kì í wú nítorí pé ìlù yára. Ó ń wú nítorí pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n, ó sì fi hàn ní gbangba pé òun mọ̀ ọ́n. Orin Àjọkẹ́ kò ju bí ìlù 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí, ìdílé kan ní Ìlọrin ní kí n kọ orin ìwọlé fún ọmọ wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè lọ́wọ́ wọn, oríkì ọmọ náà. Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Mo kọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, pẹ̀lú ìfàgòkè tó gùn níparí. Nígbà tí a ń lù ú, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí àwọn ẹbí ìyàwó jókòó sí. Ó gbé orí sókè. Alága ìdúró náà dákẹ́, ó ń wo ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe obìnrin tó máa ń dákẹ́.

Lẹ́yìn tí a parí, ìyá náà rọra wá bá mi. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé Àṣàkẹ́ ni mí?" Mo mọ̀ pé mi ò pè é, mo sì mọ̀ pé fèrè mi pè é, nítorí ohùn Àbẹ̀kẹ́ àti ti Àṣàkẹ́ kan náà ni, ọ̀rọ̀ nìkan ló lè yà wọ́n, èmi kò sì ní ọ̀rọ̀. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sí ẹni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo ayé ń pe òun. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú sáksófóònù lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni mo pè, ìyá."