Ọkọ̀ kan ni kí ilé kan gbé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìṣirò iná igbó

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní California ni ìṣirò bí ará ìlú ṣe máa sá àsálà nígbà tí iná igbó bá ń bọ̀. A ó kó gbogbo òpópónà sínú kọ̀ǹpútà, iye ọkọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà ní wákàtí kan, àti iye ilé tó wà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Òun ló máa wá àdúgbò tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde àti ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ra ilé sí ẹ̀bá òkè níbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ibi tó há jù lójú ọ̀nà ló ń pàṣẹ. Ford àti Fulkerson, onímọ̀ ìṣirò méjì ará Amẹ́ríkà, ti fi ìṣirò gbé e jáde ní 1956: bó ti wù kí òpópónà pọ̀ tó láàárín ìlú, ohun tó máa jáde kò lè ju ohun tí ibi tó há náà gbà lọ.

Ẹ wo Paradise, ìlú kan lórí òkè ní àríwá California. Nǹkan bí 26,000 ènìyàn ló ń gbé lórí òkè yẹn kí iná 2018 tó jó o, ọ̀nà mẹ́rin péré ló sì sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù: Skyway, Neal, Clark àti Pentz. Wọ́n ti pín ìlú sí agbègbè 14 kí wọ́n lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2018, atẹ́gùn gbé ẹ̀ta iná fò kiri, iná ràn níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbègbè gbogbo sì tú sójú ọ̀nà. Wọ́n ṣí apá Skyway tó ń wọ ìlú fún àwọn tó ń jáde, síbẹ̀ sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ò dáwọ́ dúró. Ènìyàn 85 ni iná náà pa, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ká ní ilé 5,000 wà nílùú kan, ọ̀nà ìjáde kan ló ní, ọkọ̀ 1,000 ló sì ń kọjá ní wákàtí kan nínú èéfín. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbé ọkọ̀ méjì, ó di wákàtí 10 kí gbogbo wọn tó jáde tán. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan, wákàtí 5 ni. Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá nínú kọ̀ǹpútà tó máa fún ìlú bẹ́ẹ̀ ní wákàtí márùn-ún. Mo mọ̀ pé ó ń dun ni láti fi ọkọ̀ tí a ṣì ń san owó rẹ̀ sílẹ̀ fún iná. Ẹ rí i pé insọ́ránsì rẹ̀ kan iná, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ẹ mọ orúkọ agbègbè tí wọ́n pín yín sí fún ìjáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Bí wọ́n bá ti kéde ìkìlọ̀ lásán, tí kò tíì di àṣẹ, kí ẹni tó ní ìyá arúgbó tàbí ọmọ ọwọ́ ti máa lọ.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kì í sábà hàn nínú ìṣirò wa, nítorí ọkọ̀ là ń kà. Bí àyè bá wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ lọ bá màmá tó ń dá gbé nítòsí yín sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n mọ ẹni tó máa wá gbé wọn.