Ìdẹ ẹja àrọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ohun tí mo kọ́ létí ọ̀sà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìwọ̀ pẹja, okùn àti ìwọ̀ lẹ sábà máa ń bi mí léèrè. Ó wù mí kí ẹ kọ́kọ́ bi mí nípa ìdẹ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ojú àrọ̀ kéré, omi wa sì máa ń rú. Irùngbọ̀n mẹ́jọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ, awọ ara rẹ̀ pàápàá a máa tọ́ nǹkan wò. Alẹ́ ló sì ń jẹun jù. Òórùn ìdẹ àti adùn rẹ̀ nìkan ló kàn án, ẹwà rẹ̀ kò kàn án. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo ọkọ̀ kpayo sínú ọ̀kadà zẹ́míjàn rẹ̀, kó má tíì fọwọ́ kan ìdẹ o. Ẹrẹ̀ etí omi ni kó fi fọ ọwọ́ dáadáa. Ọṣẹ olóòórùn kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kó yé yín jù ni pé omi ló ń yan ìdẹ fún wa. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í wà bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọlé, ọ̀sà á níyọ̀. Tó bá di ìgbà tí odò Wẹ̀mẹ̀ kún, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi odò á lé iyọ̀ náà jáde.

Nígbà ìkún yìí, àrọ̀ máa ń wọ inú koríko tí omi bò. Ekòló, ìrẹ̀ àti tata tí omi lé kúrò níbùgbé wọn ló ń bá pàdé níbẹ̀, nítorí náà àwọn ni kí ẹ fi sí ìwọ̀. Mo fẹ́ràn ekòló ju gbogbo wọn lọ. Ẹ wá a ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ní ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn sí, tàbí lábẹ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́. Ẹ rọra fi ọkọ́ yí ilẹ̀ padà. Èyí tí ọkọ́ bá gé kì í pẹ́ kú, á sì ba àwọn yòókù jẹ́. Lálẹ́, lẹ́yìn òjò ńlá, wọn á jáde fúnra wọn, àtùpà kékeré ti tó. Erùpẹ̀ ibi tí ẹ ti wú wọn náà ni kí ẹ kó wọn sí nínú igbá, kí ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù bò ó, kí oòrùn má kàn án. Tí ẹ bá ń fi sí ìwọ̀, ẹ gún un níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ìrù rẹ̀ ṣì máa mira, kí ẹnu ìwọ̀ sì yọ díẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àrọ̀ kì í fẹ́ iyọ̀, á sún sókè síbi tí omi ti dùn. Ẹja ọ̀bọ̀kún ló kù sínú ọ̀sà, edé tútù ni kí ẹ fi dẹ ẹ́. Ẹ ra edé náà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa á, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjà Ouando. Ẹ fọwọ́ tẹ èèpo rẹ̀ díẹ̀ kí oje rẹ̀ lè máa jáde. Ẹja wẹẹrẹ tí ẹ gé, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lára rẹ̀, ṣe é lò lọ́jọ́ tí edé bá wọ́n.

Àkèré kékeré dára fún àrọ̀ ńlá nìkan. Ìdin náà dára: ní oko ẹ̀kọ́ Songhaï, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1985, ìdin wà lára oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ ẹja. Àmọ́ ó rọ̀ jù, ẹja wẹẹrẹ á ti jẹ ẹ́ tán kí àrọ̀ tó dé, nítorí náà ẹ kó púpọ̀ sórí ìwọ̀ kan.

Bí ọ̀bọ̀kún bá wọ ìwọ̀, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún lẹ́yìn rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi aṣọ tútù mú un kí ẹ tó yọ ìwọ̀.