Bí ọkùnrin bá ní òun ti dádọ̀dọ́, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù ìwádìí ìlera wọ abúlé, ìbéèrè tó dà bíi pé ó rọrùn jù ló máa ń da iṣẹ́ rú: "Ṣé ẹ ti dádọ̀dọ́?"

Ní Lesotho, orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Áfíríkà, wọ́n yẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ológun wò. Nínú àwọn tó ní àwọn ti dádọ̀dọ́, bí ìdajì ni adọ̀dọ́, awọ tó bo orí nǹkan ọmọkùnrin, ṣì wà lára wọn, lódindi tàbí lápá kan. Wọn ò purọ́ o. Ẹni tó ti lebollo, ibùdó tí wọ́n ti ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, dé, ti gba orúkọ náà. Àmọ́ níbòmíràn, ṣe ni wọ́n kàn ń gé awọ náà díẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà. Ẹ wá fi àwòrán mẹ́ta hàn án: èyí tí awọ bo orí nǹkan ọmọkùnrin tán, èyí tó bò ó dé ìdajì, èyí tí orí rẹ̀ hàn gbangba. Kó fọwọ́ tọ́ka sí tirẹ̀. Kí ọkùnrin ló bi í, ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má tọpinpin ohun tí wọ́n ń ṣe ní ibùdó, èèwọ̀ ni.

Ohun tó fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Inú adọ̀dọ́ fẹ́lẹ́, ó tutù, ibẹ̀ sì ni kòkòrò HIV ti ń ráyè wọlé. Ìwádìí Orange Farm ní South Africa, Kisumu ní Kenya àti Rakai ní Uganda, tí àbájáde wọn jáde láàárín 2005 sí 2007, fi hàn pé ìdádọ̀dọ́ ń dín ewu pé kí ọkùnrin kó o lára obìnrin kù ní bí ìdá 60 nínú 100. Awọ tí wọ́n gé tán ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀. Bí ẹ bá da ti ìdajì pọ̀ mọ́ ọn, ìṣirò yín á ní ìdádọ̀dọ́ ò wúlò, irọ́ gbáà!

Ìdádọ̀dọ́ kò dáàbò bo obìnrin ní tààrà, kò sì dá àtọ̀sí dúró, kọ́ńdọ̀mù ṣì pọn dandan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dádọ̀dọ́, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 6 ni kí wọ́n fi takété sí ìbálòpọ̀. Ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná máa ń mú kí ewu pọ̀ sí i fún tọkọtaya.

Ní ibùdó, abẹ kan ṣoṣo fún ọmọ púpọ̀ ń pín kòkòrò kiri. Aṣọ tí wọ́n dì le jù ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, pàápàá tí wọ́n bá tún fi omi mímu du ọmọ. Ohun tó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ní Eastern Cape, ní South Africa, nìyẹn. Bí ẹ bá bá ọmọ tí nǹkan rẹ̀ ti ń dúdú, tó ń rùn, tàbí tí kò rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.