Ọdún 2025 lórí àga káńsù abúlé

Káńsù abúlé (parish council) ni ìjọba tó kéré jù lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin 1894 ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tó nǹkan bí 10,000 báyìí káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Inú ọ̀kan lára wọn ni mo ti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi káńsílọ̀ jálẹ̀ ọdún yìí, ní abúlé kékeré kan ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí oko àlìkámà ti yí gbogbo ilé ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé London lè má tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí, torí àwọn ìlú ńlá kì í sábà ní in. A kì í gba owó oṣù. Akọ̀wé wa nìkan ni káńsù ń sanwó fún, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ sì ni.

Ìbéèrè kan ni mo gbé káàkiri lọ́dún yìí: ta ló ni ín? Títì jẹ́ ti káńsù àgbà (county council), òun náà ló ni ilé-ìwé, ilé ìkàwé àti ìtọ́jú àwọn arúgbó. Káńsù agbègbè (district council), tó wà láàárín òun àti àwa, ló ń kó pàǹtírí, òun ló sì ń fún èèyàn láṣẹ láti kọ́lé. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni pápá ìṣeré àwọn ọmọdé, ibi tí èèyàn ń jókòó de bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ìsìnkú, àti ilẹ̀ oko tí à ń yá ará abúlé kí wọ́n fi gbin ànàmọ́ àti ẹ̀wà. Àwọn aládùúgbò kò mọ ìyàtọ̀ yìí, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Káńsílọ̀ ni wọ́n pàdé lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n á ké sí.

Ọ̀rọ̀ omi ló jẹ mí lógún jù. Ọ̀nà tóóró kan wà nísàlẹ̀ abúlé wa tí omi máa ń bò tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìyá àgbà kan tó ń dá gbé ni ilé rẹ̀ kángun sí i, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì máa ń to àpò yanrìn sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Orúkọ ni gbogbo ayé ń pè é níbí, bí àṣà wọn ti rí. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, "Màmá" ni mo ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù Kínní, nígbà tí omi tún dé ìlẹ̀kùn rẹ̀, àwọn tó ni títì ní kòtò ìṣàn omi kì í ṣe tàwọn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú òfin ilẹ̀ yìí, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá kòtò omi pààlà ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n páìpù tó gba abẹ́ títì kọjá, ti ẹni tó ni títì ni.

Èmi àti akọ̀wé wa wo àkọsílẹ̀ onílẹ̀, a fẹsẹ̀ rin kòtò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àgbẹ̀ tó ni oko ibẹ̀ sì bá wa rìn. Kò bá wa jiyàn rárá. Bàbá rẹ̀ ló ń gbẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí bàbá náà ti kú ni kò ti sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àmọ́ igi tí wọ́n gbìn ṣọgbà oko ti hù bo etí kòtò, òfin kò sì gbà kí àgbẹ̀ gé irú igi bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹjọ, torí pé àsìkò tí ẹyẹ ń tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀ nìyẹn. A dúró. Dídúró yẹn le fún mi, torí gbogbo ìgbà tí ojú ọ̀run bá ṣú ni mo máa ń ronú kan ilé Màmá. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ìkórè, àgbẹ̀ náà fi katakata ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Òjò oṣù Kọkànlá wá, omi ṣàn geere títí dé ẹnu páìpù, ó sì dúró síbẹ̀. Páìpù ṣì dí. Àmọ́ kò dé ilé Màmá lọ́tẹ̀ yìí, nínú gbogbo ohun tí mo bá wọn ṣe lọ́dún yìí, ìyẹn ni inú mi dùn sí jù.

Lórí àṣẹ ilé kíkọ́, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ 21 ni wọ́n máa ń fún wa láti sọ tẹnu wa, ìmọ̀ràn lásán sì ni, káńsù agbègbè ló ń pinnu. Iṣẹ́ tó ṣòro níbẹ̀ ni láti sọ fún aládùúgbò ẹni pé bí ilé tuntun bá máa dín iye owó ilé rẹ̀ kù, tàbí bó bá máa dí ojú oko tó ń wò láti fèrèsé, òfin kò ka ìyẹn sí. Bí ọkọ̀ ṣe máa pọ̀ tó, ibi tí omi máa gbà, ìmọ́lẹ̀ tí ilé tuntun máa dí mọ́ ẹlòmíràn lójú, ìyẹn ni wọ́n ń wò. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Owó wa kò pọ̀. Inú owó tí onílé kọ̀ọ̀kan ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ la ti ń bù ú, gbogbo ohun tó ń wọlé fún wa lọ́dún kò sì tó £25,000, èyí ló jẹ́ kí òfin yọ̀ǹda pé ká má san owó fún aṣàyẹ̀wò ìṣirò láti ìta. Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣí ìwé owó náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wò fún ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ òfin yìí gan-an. Mo sì nífẹ̀ẹ́ òfin 1960 tí Margaret Thatcher gbé wá sílé aṣòfin nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé jókòó sí ìpàdé wa. Káńsù bíi tiwa kò lè ná owó níbi tí òfin kò ti dárúkọ iṣẹ́ náà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó jẹ́ £11.10 lórí olùdìbò kọ̀ọ̀kan lọ́dún ìnáwó 2025 sí 2026. Inú rẹ̀ la ti fún ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn tí nǹkan kò rọrùn fún. Gbogbo ọwọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. A tún ra bátìrì tuntun fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí tó bá dáwọ́ lílù dúró. Inú àpótí tẹlifóònù pupa ló wà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù BT ń ta fún abúlé ní £1 péré.

Ọjọ́ kan wà lọ́dún yìí tí mi ò ní gbàgbé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, a tan iná ńlá lórí pápá ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ abúlé mìíràn, láti ṣèrántí ọgọ́rin ọdún tí ogun parí ní Yúróòpù. Ó dára, ó sì kún fún èrò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tó jẹ́ ọgọ́rin ọdún tí Jàpáánù juwọ́ sílẹ̀, ni mo ní lọ́kàn. Mo ti bẹ káńsù ní ìpàdé pé kí a má dákẹ́ lórí àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ta kò mí. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ fúnra mi níwájú òkúta ìrántí.

Mo sọ fún wọn pé ó lé ní 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó lọ jagun ní Bọ́mà, láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Mo sọ pé nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin wọ àfonífojì Kaladan, kò sọ́nà ọkọ̀, orí ni wọ́n fi ru ẹrù la igbó já, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Mo sọ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, sójà Bọ́mà là ń pe àwọn bàbá wọ̀nyẹn, àti pé ọ̀pọ̀ ló bọ̀ wálé láìrí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ojú wọn rí. Nígbà tí mo parí, bàbá kan láti òpin abúlé wá bá mi. Bàbá tirẹ̀ náà jà ní Bọ́mà, ó ní kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé rí títí ó fi kú. A dúró síbẹ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú sójú ogun, nígbà tí alága gbé òdòdó pupa kalẹ̀, ó dárúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà láìjẹ́ pé mo rán an létí. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rù kan ṣì wà níwájú. Láti oṣù Kejìlá 2024 ni ìjọba ti kéde pé káńsù àgbà àti káńsù agbègbè máa di ọ̀kan ṣoṣo ní àwọn ibi tí wọ́n ti jẹ́ méjì. Wọ́n sún ìdìbò oṣù Karùn-ún síwájú ní káńsù mẹ́sàn-án nítorí rẹ̀, káńsù àgbà tiwa náà sì wà lára wọn. Káńsù àgbà Surrey ti mọ ibi tó ń lọ, méjì ni wọ́n máa pín in sí. Bí káńsù agbègbè bá kúrò nílẹ̀, àwa ni a óò sún mọ́ ará abúlé jù lọ, mo sì gbàgbọ́ pé wọ́n á fẹ́ gbé pápá tó wà lọ́wọ́ wọn àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò lé wa lórí. Mo fẹ́ kí á gbà á, ṣùgbọ́n kí owó bá a wá.

Àga kan ṣófo báyìí, torí ọ̀kan nínú wa ti kó lọ. A lẹ ìkéde mọ́ pátákó. Bí olùdìbò mẹ́wàá bá kọ̀wé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14, ìdìbò ni a óò ṣe, àmọ́ wọn kò kọ, nítorí náà àwa fúnra wa ni a óò yan ẹnì kan. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń gbé abúlé, torí ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn ọmọ Commonwealth, bí ẹ bá sì ti gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, tí ẹ ti pé ọdún 18, tí orúkọ yín wà nínú ìwé olùdìbò abúlé náà tàbí tí ẹ ti gbé nítòsí rẹ̀ fún ọdún kan, òfin gbà kí ẹ jáde du ipò káńsílọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún èmi, mo kàn ka ìkéde lára pátákó ni.

Ìpàdé oṣù Kínní la óò ti pinnu iye tí a óò bù lọ́wọ́ onílé lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà la óò ti yan káńsílọ̀ tuntun. Mo ti bẹ akọ̀wé pé kí ó fi ọ̀rọ̀ páìpù abẹ́ títì ṣáájú méjèèjì.